Ẹ ṣọ́ra fún rìsífà "tuntun" olówó pọ́ọ́kú àti owó update tí wọ́n ń gbà lé e lórí

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń fi rìmóòtù fo bàálù fóòmù ní ìlú ọba níbí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà níbí ránṣẹ́ sílé, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó rìsífà kankan (ẹ̀rọ kékeré inú bàálù tó ń gbọ́ ohun tí rìmóòtù bá sọ) fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe mí. Ọgbọ́n tó fi ṣe mí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí òun nìkan kọ́ ló ń dá a.

Mo rí ìpolówó rìsífà X8R mẹ́rin ti FrSky, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rìmóòtù àti rìsífà, pọ́n-ùn 18 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo FrSky mọ̀ pé iye tí ṣọ́ọ̀bù ń tà á máa ń súnmọ́ 30. Ẹni tó ń tà á ní tuntun ni, inú páálí ló wà, ó sì "bá gbogbo rìmóòtù FrSky mu". Gbólóhùn yẹn gan-an ló yẹ kó ta mí lólobó. Kò sí rìsífà FrSky kankan tó bá gbogbo rìmóòtù FrSky mu. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún rà á. Ojúkòkòrò ni, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ rẹ̀.

Ó ní kí n fi owó náà ránṣẹ́ lórí PayPal bí ẹni fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, pé òun á bá mi yọ owó ìfiránṣẹ́ kúrò. Mo gbà. Ẹ̀yin ẹ má gbà o. Bí ẹ bá ti yan ti ọ̀rẹ́ àti ẹbí, ààbò tí PayPal ń fún oníbàárà kò kàn yín mọ́. Bákan náà, ó ní òun kì í ṣe oníṣòwò, ẹrù inú ilé òun lòun ń tà. Ẹ̀tọ́ ọjọ́ 14 tí a ní níbí láti dá ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì padà, ọ̀dọ̀ oníṣòwò ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ta ẹrù inú ilé rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹrù inú ilé tó jẹ́ rìsífà mẹ́rin irú kan náà nínú páálí!

Ọjà dé. Mo gbé rìmóòtù sí bind (kí òun àti rìsífà lè mọ ara wọn), mo tẹ bọ́tìnnì F/S tó wà lára rìsífà mọ́lẹ̀, mo fi bátìrì sí i. Pàbó. Iná pupa ń ṣẹ́jú ṣáá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bákan náà. Mo kọ̀wé sí i, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi fèsì, bí ẹni tó ti jókòó tì í. Ó ní V2 ni rìmóòtù mi, V1 ni àwọn rìsífà, kí n kó wọn padà wá, pọ́n-ùn 10 lòun ń gbà láti ṣe update ẹyọ kan, ìyẹn ni láti gbé fáìlì ètò tuntun sínú rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń sọ: láàárín ìparí ọdún 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ni FrSky gbé V2, ẹ̀yà kejì, jáde fún ACCST D16, èdè rádíò tí rìmóòtù wọn fi ń bá rìsífà sọ̀rọ̀. Kì í ṣe fáàrí ni wọ́n fi ṣe. Lórí V1, ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé kí servo, mọ́tò kékeré tó ń darí bàálù, ṣàdédé gbéra nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ lè fò títí kí ẹ má rí i. Àmọ́ bó bá fi lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí bàálù ń balẹ̀, àfọ́kù fóòmù lẹ máa kó sínú àpò lọ sílé. V2 wo àìsàn yẹn sàn, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ yàtọ̀. Rìmóòtù V2 kò gbọ́ rìsífà V1, rìsífà V2 náà kò sì gbọ́ rìmóòtù V1. Tí ẹ bá ti sún rìmóòtù yín síwájú, gbogbo rìsífà tó wà nílé gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí V1 fi ń pọ̀ lọ́jà olówó pọ́ọ́kú.

Mo kó méjì padà fún un. Ó gba pọ́n-ùn 20, owó ìfiránṣẹ́ lọ jẹ́ 4.50, ti àbọ̀ náà jẹ́ 4.50. Àwọn méjèèjì padà dé, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Inú mi ń dùn, mo ń fi han àwọn èèyàn ní pápá, ni bàbá òyìnbó kan tó ti ń fo bàálù kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ bá bi mí pé èló ni mo san fún update. Nígbà tí mo sọ fún un, ńṣe ló yọ awò ojú rẹ̀, ó ń wò mí.

Ọ̀fẹ́ ni. Fáìlì náà wà lórí ojú ewé FrSky fúnra wọn, ẹnikẹ́ni ló lè wà á jáde. Ẹ ó gbé e sínú fódà FIRMWARE lórí káàdì SD rìmóòtù, ẹ ó fi wáyà mẹ́ta so S.Port rìsífà, ojú ibi tí wọ́n ń fi wáyà sí, mọ́ ti rìmóòtù (lórí X9D, irú rìmóòtù FrSky tí mo ń lò, inú ihò módù ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà), ẹ ó wá tẹ fáìlì náà pẹ́, kí ẹ yan ẹ̀rọ tó wà níta. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ ni wáyà yẹn. Bí iná, gíráǹdù àti sígínà ṣe tò lórí rìsífà lè má rí bẹ́ẹ̀ lórí rìmóòtù. Ẹ bá lọ gbé iná sí ojú sígínà, ẹ ti jó rìsífà nìyẹn. Kí fáìlì náà sì jẹ́ ti rìsífà yẹn gan-an, kì í ṣe ti ìbátan rẹ̀.

Mo sọ fún oníṣòwò wa pé mi ò ní kó méjì tó kù wá mọ́. Kò bínú rárá. Ó ní tí mi ò bá fẹ́ sanwó, kí n kúkú dá rìmóòtù mi padà sí V1, gbogbo ẹ̀ á bára mu. Èyí ló dùn mí ju owó lọ. Ẹni tó mọ ìdí tí V2 fi jáde ló ń gbà mí nímọ̀ràn pé kí n padà sínú àìsàn náà, kí ọjà tirẹ̀ lè tà. Bàálù mi tó tóbi jù wọ̀n ju kílò méjì lọ, àwọn ọmọdé sì máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wa ní ọjọ́ Àìkú. Ẹnikẹ́ni tó bá fún yín ní ìmọ̀ràn yẹn, ẹ pa fóònù dé.

Bàbá yẹn jókòó tì mí, a ṣe méjì tó kù. Ìkẹta gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìkẹrin kọ̀ jálẹ̀. A ṣí i. Kò sí orúkọ kankan lórí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, lẹ́tà orí sítíkà rẹ̀ sì ń yọ́ lábẹ́ èékánná. Ayédèrú ni, wọ́n kàn ṣe é kó lè gbọ́ V1. Kò sí fáìlì FrSky tó máa ràn án lọ́wọ́. Ó ti bọ́ sínú garawa.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Mẹ́rin ní 18 jẹ́ 72. Update 20, ìfiránṣẹ́ 9. Pọ́n-ùn 101 fún rìsífà mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́, ó dín díẹ̀ ní 34 fún ẹyọ kan. Mo ti san ju owó ṣọ́ọ̀bù lọ.

Kò tíì tán. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe update wọn, mo fi rán ẹnì kan tó ń lọ sílé sí àbúrò mi ní Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni WhatsApp dé: "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan yín ò dáhùn o." X9D lòun náà ń lò, V2 ni. A wá a títí ká tó rí i. Láti oṣù kìíní ọdún 2015 ni òfin Yúróòpù ti ní kí irú rìmóòtù 2.4 GHz yìí máa tẹ́tí sí afẹ́fẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní EU-LBT. Rìsífà tí mo fi ránṣẹ́ jẹ́ LBT, rìmóòtù àbúrò mi sì jẹ́ FCC, irú ti Amẹ́ríkà. LBT àti FCC kì í gbọ́ra wọn, V2 ìbáà jẹ́ méjèèjì. Fáìlì FCC ló fi tún un ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn tó ti rí wáyà rọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ra rìsífà ránṣẹ́ sílé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa lò ó kí ẹ tó rà á. Àwa tí a wà níbí, kí ẹnikẹ́ni má torí rìsífà pọ́ọ́kú gbé rìmóòtù rẹ̀ lọ sórí FCC o.

Mo ti ń rí i tí wọ́n ń dá irú ọgbọ́n yìí lórí ExpressLRS, ètò rádíò míì fún rìmóòtù àti rìsífà, báyìí. Rìsífà tó wà lórí ẹ̀yà 2 kì í gbọ́ rìmóòtù tó wà lórí ẹ̀yà 3, nọ́ńbà iwájú gbọ́dọ̀ bára mu. Àwọn kan ń kó ti 2 jáde, wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà láti sọ ọ́ di 3. Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Èyí tó bá ní WiFi nínú, ẹ pa rìmóòtù, ẹ fi iná sí rìsífà, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan, ẹ ó rí "ExpressLRS RX" lórí fóònù yín. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ni expresslrs, ẹ wọ 10.0.0.1, ẹ gbé fáìlì sí i. Ohun tí update ò lè ṣe ni kó sọ rìsífà 900 MHz di 2.4 GHz. Ẹni tó bá ṣèlérí ìyẹn fún yín, ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́. FlySky, ilé iṣẹ́ míì, náà ní tiwọn: AFHDS, èdè rádíò àtijọ́ tó wà nínú rìsífà FS-R6B, yàtọ̀ sí AFHDS 2A inú FS-iA6B, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ó ya fídíò ibi tí rìsífà náà ti ń bind, kí nọ́ńbà V àti LBT tàbí FCC hàn lójú rìmóòtù nínú fídíò kan náà. Oníṣòwò gidi kì í bínú síyẹn. Bí ọjà bá sì ti dé, kó bind nìkan kò tó. Ẹ yọ pùròpẹ́là, ẹ gbé rìmóòtù sí range check (ìdánwò bí rádíò ṣe ń jìnnà tó), ẹ rìn jìnnà tó mítà 30, kí ẹ máa wò ó bóyá servo ń gbọ́rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ pa rìmóòtù, kí ẹ wo ohun tí failsafe máa ṣe, ìyẹn ohun tí a ṣètò pé kí rìsífà ṣe bí kò bá gbọ́ rìmóòtù mọ́.

Wọ́n ti tún gbé ìpolówó náà jáde lánàá, orúkọ míì, pọ́n-ùn 16 ló wà báyìí. Àwòrán àtijọ́ náà ni wọ́n lò: rìsífà mẹ́rin lórí aṣọ tábìlì búlúù tí kọfí ti dà sí ní igun apá òsì.