Résìn West System 105 àti hardener 205 lára ọkọ̀ fáíbà tó lu

Résìn yìí, tó jẹ́ epoxy, lágbára, mo sì fara mọ́ ọn fún dídí ihò lára ọkọ̀ ojú omi onífáíbà, pàápàá nísàlẹ̀ ibi tí omi ń dé. Ó ń lẹ̀ mọ́ fáíbà àtijọ́ ju résìn polyester lọ, òórùn rẹ̀ kò sì gún imú tó tiẹ̀. Àmọ́ kò fojú fo àṣìṣe, inú ife tí a ti ń pò ó sì ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Résìn márùn-ún sí hardener kan (èròjà tó ń mú kí résìn gan) ni ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn pọ́ǹpù rẹ̀ ti bá yín ṣe ìṣirò náà: ẹ tẹ ti résìn lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ ti hardener lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ 5 sí 1, tó wá tẹ résìn lẹ́ẹ̀márùn-ún, ohun tó pò kò ní gan láéláé. Bí pọ́ǹpù bá tú fùùù, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má ka títẹ̀ yẹn mọ́ ọn. Ẹ má sì fi hardener kún un pé kó lè tètè gan. Èyí tí kò rí résìn tí yóò bá dì á kàn wà níbẹ̀, iṣẹ́ náà á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Fífá ló kù fún irú èyí, ká fi acetone nù ún, ká tún un ṣe.

Kí ẹ tó ṣí agolo rárá, ẹ fi òòlù kékeré kan ara ọkọ̀ yí ihò náà ká. Ibi tó le á dún kò-kò. Ibi tí ìpele fáíbà ti ṣí kúrò lára ara wọn á dún bọ̀ọ̀ bí páálí. Gbogbo ibi tó dún bọ̀ọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò, bí ihò náà tilẹ̀ máa fẹ̀ sí i. Ẹ fi acetone nù ún kí ẹ tó lọ̀ ọ́, torí bí ẹ bá kọ́kọ́ lọ̀ ọ́, sáńpépà á ti epo àti wax wọnú fáíbà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ etí ihò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà fẹ̀ ní ìlọ́po 12 ìnípọn ara ọkọ̀: bó bá nípọn ní mìlímítà 6, á fẹ̀ ní mìlímítà 72 yí ká. Ó máa ń dun èèyàn láti lọ ibi tó dáa tó bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àbùlẹ̀ àwọn tó ń dín in kù fi ń ṣí bí ìdérí. Tí ẹ bá fura sí ọ̀rinrin, ẹ lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ìrì bá sẹ̀ sínú ọ̀rá, kò tíì gbẹ.

Aṣọ fáíbà biaxial 17 oz (èyí tí okùn rẹ̀ lọ sí ọ̀nà méjì) máa ń fún yín ní nǹkan bíi mìlímítà 0.8 ní ìpele kan, nítorí náà ẹ gé méje fún ara mìlímítà 6. Èyí tó tóbi jù ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́, kó lè fara kan gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Ẹ fi résìn tí ẹ ti pò mọ́ hardener pa ojú ibẹ̀ ná, kí fáíbà gbígbẹ má baà mu résìn inú aṣọ. Ibi tó bá ṣì funfun, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀. Ẹ fi rólà tẹ̀ ẹ́ títí aṣọ á fi hàn kedere.

Ní ìwọ̀n 22 Celsius, ìṣẹ́jú 9 sí 12 péré ni giráàmù 100 ń lò nínú ife kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí gan. Bí oòrùn bá mú, ó máa ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ife á gbóná débi tí kò ní ṣeé dì mú, èéfín á yọ. Ẹ dà á sínú àwo pẹrẹsẹ, tàbí kí ẹ lo hardener 206, tó ń fún yín ní ìṣẹ́jú 20 sí 25. Ní ojú ọjọ́ gbígbóná, 206 ni mo fara mọ́ fún ihò tó bá ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ohun tí n kò fẹ́ràn lára 205 ni ìda yíyọ̀ tó máa ń sun sójú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá gan. Acetone kì í ká a. Omi ló ń yọ́ ọn. Ẹ fi omi àti kànìnkànìn onírun líle fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó fi sáńpépà kàn án. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ á rí i tí sáńpépà á dí, ọ̀dà á sì máa bó. Peel ply (aṣọ tí a máa ń ṣí kúrò bí résìn bá ti gan) tí ẹ bá tẹ́ sórí rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù á bá yín gbé ìda náà kúrò.

Fún títẹ́jú rẹ̀, ìyẹ̀fun West System 407 ni kí ẹ pò mọ́ résìn bí ọ̀dà ibẹ̀ bá máa dúdú. Ìyẹ̀fun 410 rọrùn láti lọ̀, ṣùgbọ́n ooru oòrùn abẹ́ ọ̀dà dúdú kò dára fún un. Ẹ má sì fi epoxy sílẹ̀ láìkùn, torí oòrùn máa ń jẹ ẹ́.