Hẹ́dà onípáìpù mẹ́rin fún Beetle 1600: ẹ yẹ ojú flange wò kí ẹ tó sanwó

Ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó ni mo ti ra hẹ́dà yìí, ìyẹn àwọn páìpù tó ń kó èéfín jáde látinú ẹ́ńjìnì, fún Beetle bàbá mi, ẹ́ńjìnì 1600 tó ń lo kabúrétọ̀ Solex 34 PICT-3. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kùn ún ò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ́ńjìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni èéfín ọ̀dà ti gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ha á dànù, kí ẹ fi èyí tó ń fara da iná kùn ún.

Flange, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń de hẹ́dà mọ́ ẹ́ńjìnì, ló wá lé kenkà. Kò tẹ́jú rárá! Mẹkáníìkì mi gbé e lé orí gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó fi fáìlì rẹ́ ẹ títí ó fi dọ́gba, ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ó sì lo nọ́ọ̀tì bàbà, torí ti irin máa ń dípẹtà mọ́ ojú ibẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ráyè wọlé níbẹ̀, sàlẹ́ńsà á máa yìnbọn nígbà tí ẹ bá fẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù.

Èéfín ń jáde fàlàlà báyìí, epo ò wá tó afẹ́fẹ́ mọ́. A yọ jẹ́ẹ̀tì 127.5, ìyẹn ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀, a fi 130 tó fẹ̀ jù ú lọ sí i. Ojú pọ́lọ́ọ̀gì tó ti funfun bíi ẹfun padà pọ́n dẹ́ẹ̀dẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà ń gun afárá Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn láìmí gúlegúle.

Ariwo ńkọ́? Màámi ní, "Ṣé mólúè lo gbé wálé ni?" Mo ti ń wá sàlẹ́ńsà tó rọlẹ̀ díẹ̀.