Ẹ̀rọ Alábẹ̀bẹ̀ Tí A Fi Ń Wọn Ìyára Omi

Ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan ní Òṣogbo ni mo ti yá ẹ̀rọ yìí, tí mo sì gbé e lọ sí Odò Ọ̀ṣun. Níbi tí omi kò ti jìn, ìdá 0.6 jíjìn rẹ̀ láti òkè ni a máa ń ri abẹ̀bẹ̀ náà sí, nítorí ibẹ̀ ni ìyára omi ti sún mọ́ ìpíndọ́gba jù lọ. Níbi tó bá jìn, a ó wọ̀n ọ́n ní ìdá 0.2 àti 0.8, a ó sì pín àpapọ̀ méjèèjì sí méjì. Láàárín odò, iṣẹ́ rẹ̀ wú mi lórí gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ẹ̀bá bèbè, koríko tín-ín-rín kan lọ́ mọ́ ìdí abẹ̀bẹ̀ náà, òǹkà tó ń ka ìyípo rẹ̀ sì já sí òdo nígbà tí omi ṣì ń ṣàn. Ó dùn mí pé kò sí búrọ́ọ̀ṣì kankan nínú àpótí rẹ̀.