Kíkó kásẹ́ẹ̀tì fídíò sínú kọ̀ǹpútà: USB ni àbí FireWire?

Ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ gbọn eruku ara kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ yẹn nù, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa: ṣé VHS gbàǹgbà ni, àbí MiniDV tí ò ju páálí ìṣáná lọ? Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

VHS ò ní wàhálà púpọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọ ojú USB, tó ní ihò mẹ́ta: yẹ́lò fún àwòrán, pupa àti funfun fún ohùn. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ fídíò, ẹ ṣí OBS Studio, ètò ìgbàsílẹ̀ fídíò tó jẹ́ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ò lágbára kankan lórí ẹ̀rọ fídíò náà. Ọwọ́ yín ni yóò tẹ pléè, òun náà ni yóò tẹ sítọ́ọ̀pù. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta gbáko ni. A dúpẹ́ pé OBS ní aago tó lè dá iṣẹ́ dúró, bí oorun bá gbé yín lọ.

Ní ti MiniDV, FireWire, ojú ìsowaya kan tí Sony ń pè ní i.LINK, yàtọ̀ pátápátá. Waya kan ṣoṣo láti ara kámẹ́rà MiniDV ló ń gbé àwòrán, ohùn àti àṣẹ. Ẹ tẹ bọ́tìnnì lójú kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà á ká téèpù padà fúnra rẹ̀, á sì dúró níbi tẹ́ ẹ ní kó dúró. Bí àwòrán ṣe wà lórí téèpù gan-an ló ṣe ń wọlé, kò dín. Ó ń jẹ àyè o: bíi GB 13 fún wákàtí kan.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé láptọ́ọ̀pù tuntun ò ní ojú FireWire mọ́, macOS (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà Apple) tó jáde lọ́dún 2025 sì ti yọ ọ́ kúrò. Àwọn ọlọ́jà á fẹ́ ta waya tó ní ẹnu FireWire lápá kan, USB lápá kejì, fún yín. Ẹ má rà á, kì í ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tòkunbọ̀ tó gba káàdì FireWire ló dáa jù.

Lójú tèmi, ẹni tó ní VHS kó ra ẹ̀rọ USB tówó ẹ̀ mọ níwọ̀n, kó wá kówó tó kù lé ẹ̀rọ fídíò. Ilé iṣẹ́ Funai ti Japan, tó ṣe é kẹ́yìn, ti jáwọ́ lọ́dún 2016, nítorí náà tòkunbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí ò já mọ́ nǹkan ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, torí òmíràn ń jẹ téèpù. Ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n tún yàtọ̀ síra: bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti Amẹ́ríkà wá, NTSC ni. PAL ni tiwa. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ fídíò tẹ́ ẹ fẹ́ rà mọ méjèèjì.

Ẹni tó ní VHS àti MiniDV pọ̀ lè wá kámẹ́rà tó ń gba àwòrán VHS wọlé, kó sì gbé e gba FireWire lọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n tà ní Yúróòpù ni wọ́n ti dí ojú ìgbàwọlé rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹ dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á.