Ilé ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kan ní Ìbarà: etí ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú

Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 5, síbẹ̀ Abẹ́òtúta ni ìlú tí a bí i sí ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo k ni ó ń sọ di t, gbogbo g sì ni ó ń sọ di d, tó bẹ́ẹ̀ tí àkàrà fi di àtàrà, tí gàrí sì di dàrí. A kò tètè kà á sí ìṣòro nílé, nítorí pé ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ wà ní ipò wọn lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ń gbọ́ gángan láti kékeré mọ̀ pé odidi gbólóhùn lè yé èèyàn láìsí kọ́ńsónáǹtì kankan nínú rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ló fi yé wa pé kì í dáhùn ìbéèrè mọ́ ní kíláàsì, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sín in jẹ.

Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni ilé ìtọ́jú tí a gbé e lọ wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé bí mo ti ní ìyìn fún wọn ni mo ní ẹ̀sùn tí mo fẹ́ kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni a ń lọ. Ìjókòó kan jẹ́ ìṣẹ́jú 45, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦8,000. Ìjókòó 16 ni a ti ṣe.

Mo rò pé ahọ́n ni wọn yóò dojú kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé ìyá ọkọ mi ti ń sọ pé ahọ́n ọmọ náà ló so, wọ́n ní kí a lọ gé e. Olùtọ́jú náà wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ó ṣàlàyé pé iwájú ahọ́n ló ń kan èrìgì bí a bá ń pe t, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ahọ́n ló ń gbéra lọ kan àfàsé, ìyẹn apá tó rọ̀ lẹ́yìn òkè ẹnu, bí a bá ń pe k, nítorí náà kí a fi okùn abẹ́ ahọ́n sílẹ̀. Ó gba ìwé àyẹ̀wò etí lọ́wọ́ wa, ó rí i pé ọmọ ń gbọ́ràn dáadáa, ó sì gbé àwòrán méjì síwájú rẹ̀: ìka àti ìta. Ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì bára mu, kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Bí olùtọ́jú bá pe ọ̀kan, kí ọmọ ju ẹ̀wà kan sórí àwòrán rẹ̀. Ńṣe ló ń ju ẹ̀wà bó ṣe wù ú. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ fọ́nrán ohùn àgbà àti ọmọdé lórí fóònù, àwọn kan ń sọ àkàrà, àwọn kan ń sọ àtàrà. Nígbà tó kan ohùn òun fúnra rẹ̀, ó fi tọkàntọkàn ní ó tọ̀nà. Ìgbà náà ni ó yé mi pé ìró ń wọ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n k àti t kò tíì yà sọ́tọ̀ fún un.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe àdábọwọ́ olùtọ́jú náà. Ní 1994, Susan Rvachew, onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní Kánádà, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tí kò lè pe ìró tí àwa ń kọ ní ṣ. Àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ní pípè tó tọ̀nà àti èyí tí kò tọ̀nà, tí wọ́n sì ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀, tẹ̀ síwájú ju àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìró náà nínú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń kọ́ bí a ṣe ń pè é.

Yíyan ọ̀rọ̀ ni mo gbádùn jù níbẹ̀. Bí ọmọ bá pe ìkòkò ní ìtòtò, kò pàdánù ohunkóhun, nítorí pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ìtòtò, ìkòkò náà ni a óò gbé fún un. Olùtọ́jú kó ọsàn mẹ́fà sílẹ̀, ó ní kí ó sọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó fẹ́ ka ọsàn, ṣùgbọ́n “Mo fẹ́ ta ọsàn” ló jáde, ni olùtọ́jú bá na owó sí i, ó kó ọsàn sínú àpò, ó sì dìde bí ẹni tó ń relé. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú ọmọ mi. Ìgbà karùn-ún tó tún un sọ ni mo gbọ́ ohun tó jọ k fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí ó tó di ti ọsàn, àwòrán ẹni tó ń kàwé ni wọ́n kọ́kọ́ lò fún ọ̀rọ̀ “kà” yìí, ọmọ wò ó, ó ní “ìwé”, ó sì tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò pe “kà” rárá.

Wọ́n tún bi wá níbi tí àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ti wá. Ọmọ Ìbàdàn ni ìyá ọkọ mi, “sé” ni “ṣé” ń jẹ́ lẹ́nu wọn, ọmọ sì ti kọ́ ọ. Olùtọ́jú kò kà á sí àṣìṣe.

Ẹ̀sùn mi kò kéré. Yàrá náà kọjú sí títì, bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ wọn wà lẹ́bàá fèrèsé. Báwo ni ọmọ yóò ṣe ya k kúrò lára t nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀? Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá wọn kún fún Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ìyá ọkọ mi, tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì, ló ń wà pẹ̀lú ọmọ ní ọ̀sán. Wọ́n máa ń kánjú yan ọ̀rọ̀ nígbà mìíràn. “Ìrèké yìí gùn” àti “ìrèké yìí dùn” ni wọ́n fi dán g àti d wò. Ó dára ní ti pé méjèèjì lè jẹ́ òótọ́, etí nìkan ló lè dájọ́, ṣùgbọ́n k tó wà nínú ìrèké tún di ẹrù kejì lórí ọmọ nígbà tó kàn án láti sọ ọ́. Èmi ni mo dábàá orin dípò ìrèké, wọ́n sì gbà.

Ní báyìí, k ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí ó bá rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n t ṣì ń padà wá ní àárín ọ̀rọ̀ bí ó bá ń sáré. Bí ó bá sọ àtàrà tán, á dákẹ́, á wo ojú mi, á sì tún un sọ; kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ti san ₦64,000 fún ìjókòó 8 mìíràn, mo sì ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé wa lọ sí yàrá ẹ̀yìn.