GRASP: sọ́fítíwià tó fi ẹ̀yìn díìṣì hàn mí

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí áńtẹ́nà oní-díìṣì, tí kò tíì lo GRASP, sọ́fítíwià tó ń ṣírò bí áńtẹ́nà ṣe ń tú ìgbì jáde, kí ó wá a lò. Iléeṣẹ́ TICRA ní Copenhagen, lórílẹ̀-èdè Denmark, ló ṣe é, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ sì wà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ yẹn ni mo ń lò fún iṣẹ́ ìwádìí mi. GRASP yìí kan náà ló wúlò fún àwọn tó ṣírò áńtẹ́nà sátẹ́láìtì Planck, tí ESA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Yúróòpù, fi ránṣẹ́ ní 2009.

Mo fún un ní díìṣì róbótó mítà 1.8 ní 12 GHz, feed (áńtẹ́nà kékeré tó ń tan ìgbì sójú díìṣì) wà láàárín gbùngbùn, agbára rẹ̀ sì ti fi 12 dB dínkù (ó kù bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún) kó tó kan etí díìṣì. Ìgbì 12 GHz gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, nítorí náà díìṣì yìí fẹ̀ tó ìgbì 72. Kò pẹ́ tó fi gbé gain, ìyẹn bí díìṣì ṣe ń kó agbára jọ síwájú tó, tó sún mọ́ 46 dBi jáde. Bírò àti ìwé lè ṣe ìyẹn.

Ẹ̀yìn díìṣì gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ní kó ṣírò PO (physical optics) nìkan, ìyẹn ìgbì tí iná tó ń ṣàn lójú díìṣì ń tú jáde: ẹ ó rí agbára rẹpẹtẹ lẹ́yìn. Ẹ wá fi ìgbì tó ń ti ara feed bọ̀ tààrà kún un, agbára yẹn á sì wálẹ̀ gidigidi. Ìgbì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Òjìji díìṣì nìyẹn. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú òjìji náà, ọwọ́ etí ló ti wá.

Bẹ́ẹ̀ PO kò mọ etí dáadáa. Ó ka ibi kọ̀ọ̀kan lójú díìṣì sí irin pẹrẹsẹ tí kò lópin. PTD (physical theory of diffraction), iṣẹ́ Pyotr Ufimtsev ará Soviet, ló ń ṣàtúnṣe ìyẹn. Ẹ má ṣe pa á tì láé. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iwájú, ṣùgbọ́n àwọn sidelobe (agbára tó ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́) tó jìnnà àti ẹ̀yìn máa ń yí padà.

Láàárín ẹ̀yìn gan-an, ẹ ó rí agbára tó ga sókè ṣóńṣó. Gbogbo etí róbótó náà jìnnà sí ibẹ̀ bákan náà, ìgbì wọn sì ń dé pọ̀, wọ́n ń ti ara wọn lẹ́yìn. GTD (geometrical theory of diffraction, tó ń fi ìtànṣán ṣírò ìgbì) tí a ń fọwọ́ ṣírò á sọ pé agbára ibẹ̀ kò lópin. GRASP á fún yín ní iye gidi. Mo sọ etí náà di gbọọrọ bí ẹyin, ṣóńṣó yẹn sì wálẹ̀. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà! Lórí òrùlé tí díìṣì méjì ti kẹ̀yìn síra, irú nǹkan báyìí ló ń pinnu bóyá ọ̀kan á dí èkejì lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ yan iye ibi tó máa ṣírò lójú díìṣì. Bí wọ́n bá kéré jù, irọ́ ni ẹ̀yìn á máa pa fún yín, tí iwájú á sì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹni tí díìṣì rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ìgbì mélòó kan lọ, kí ó má gbára lé PO, kí ó lo MoM (method of moments), tó ń ṣírò iná ojú irin gan-an láìméfò.