Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Lọ sí Prague, Ẹ Má Ṣẹ́ Owó Nítòsí Aago Ńlá Yẹn O!

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Prague, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Czech, tàbí ẹ mọ ẹni tó fẹ́ lọ gbafẹ́ níbẹ̀, ẹ dúró ná kí ẹ ka èyí. Wọ́n rẹ́ mi jẹ. Ní ọ̀sán gangan ni wọ́n rẹ́ mi jẹ, nínú ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì tí iná ń tàn yòò nínú ẹ̀, lọ́wọ́ ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Kì í ṣe pé ọmọ ìta kan já báàgì mi gbà o. Ọwọ́ ara mi ni mo fi na owó náà sí i, mo sì tún dúpẹ́!

Ẹni tí kò bá mọ̀, Czech kì í ná yúrò. Inú European Union ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n koruna ni owó wọn. Mo mọ ìyẹn kí a tó kúrò ní London. Bàbá Ìbejì ní ká máa fi káàdì sanwó, pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí wọn ò ti gba káàdì níbẹ̀. Èmi ni mo ní rárá, pé owó tí mo lè fọwọ́ kà ni mo fẹ́. Pọ́n-ùn 400 ni mo dì sínú àpò kékeré tí mo so mọ́ abẹ́ aṣọ, nítorí wọ́n ti sọ fún wa pé àwọn jáwójáwó pọ̀ lórí afárá. Mo ń ṣọ́ jáwójáwó, mi ò mọ̀ pé olè gidi ti yá ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti gbé pátákó kọ́ síta.

Ojúde Ìlú Àtijọ́ ni a wà, ibi tí wọ́n ń pè ní Staroměstské náměstí. Aago ńlá kan wà lára ògiri ilé ìlú níbẹ̀, láti 1410 ló ti wà. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di mọ́kànlá alẹ́, bí wákàtí kan bá ti pé, fèrèsé méjì á ṣí lókè, ère àwọn àpọ́sítélì á máa kọjá níkọ̀ọ̀kan, ère egungun òkú kan á sì máa fa agogo. Gbogbo èèyàn á ti gbé fóònù sókè. Aago méjìlá kù díẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. Mo ní kí n yára ṣẹ́ owó kí aago tó lù, kí a lè wá nǹkan mu lẹ́yìn rẹ̀. Ìkánjú yẹn ni wọ́n ń jẹ, ẹ gbọ́ mi? Kò sí ohun tó gbé ṣọ́ọ̀bù wọn débẹ̀ ju pé ojú gbogbo èèyàn wà lókè.

Wọ́n kọ "0%" gàdàgbà sójú gíláàsì. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni pátákó tí wọ́n kọ iye owó sí. Lójú pátákó yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì, mo rí 28.50. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti wò ó lórí fóònù pé pọ́n-ùn kan ń lọ sí bíi koruna 28. Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ sọ fún Bàbá Ìbejì pé ẹ wò ó, wọ́n tún fi díẹ̀ lé e fún wa.

Fi díẹ̀ lé e! Nígbà tí mo bá rántí pé ẹnu mi ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ara mi á bù máṣọ.

Ọkùnrin náà ka pọ́n-ùn mi kíákíá. Ó ti ìwé pélébé kan sí mi lábẹ́ gíláàsì, lẹ́tà inú ẹ̀ kéré bí ẹyin eèrà. Ó fi bíírò tọ́ka sí ibi tí n ó ti buwọ́ lù ú. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn mi, agogo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù níta, Bàbá Ìbejì ń pariwo pé "Ìyá Ìbejì, ó ti bẹ̀rẹ̀ o!" Mo buwọ́ lù ú. Ó ka owó fún mi, ó ní kí n gbádùn Prague.

Koruna 8,000 ló kà fún mi.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. 400 lọ́nà 28, ó jẹ́ 11,200. Koruna 3,200 ti lọ. Ìyẹn lé ní pọ́n-ùn 110. Iye tí a san fún tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú àwa méjèèjì kò tó bẹ́ẹ̀!

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò ka owó mi. Mo kà á. Owó pé, ó sì bá iye tó wà lórí rìsíìtì mu. Ibi tí gbájú-ẹ̀ náà wà gan-an nìyẹn. 28.50 tí mo rí, iye tí wọ́n fi ń TA pọ́n-ùn fún ẹni tó fẹ́ rà á ni. Iye tí wọ́n fi ń RÀ á lọ́wọ́ èmi tí mo gbé e wá, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló wà, ó kéré, ó sì ṣókùnkùn: 20 péré. Ti "0%" yẹn náà, òótọ́ ni o! Wọn ò gba owó iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ mi. Owó mi nìkan ni wọ́n gbà. Àbókí tó ń ṣẹ́ owó ní Ìkẹjà, ẹ ó jọ nájà ni, á pe iye tirẹ̀ sí yín létí, bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn ẹ ó kọjá sọ́dọ̀ ẹnì kejì ẹ̀. Àwọn tí mò ń sọ yìí ò ní í sọ iye kankan jáde lẹ́nu. Ẹ̀rín ni wọ́n á máa rín.

Ṣé ẹ wá mọ èyí tó dùn mí jù? Owó yẹn ì bá padà sọ́wọ́ mi. Láti oṣù kẹrin 2019 ni òfin ti wà ní Czech pé ẹni tó bá ṣẹ́ owó ní ṣọ́ọ̀bù, tí owó náà ò ju yúrò 1,000 lọ, lè padà síbẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú rìsíìtì ẹ̀, kó ní òun ò ṣe mọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá owó ẹ̀ padà. Kò ní láti ṣàlàyé kankan. Wákàtí mẹ́ta! Ibo ni mo wà ní gbogbo wákàtí yẹn? Mo wà lórí Afárá Charles, èyí tí Ọba Charles Kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1357, mò ń ya fọ́tò. Ère John Nepomuk wà níbẹ̀, àlùfáà tí wọ́n jù sódò Vltava ní 1393. Bàbà kan wà nísàlẹ̀ ère náà tí àwọn èèyàn ń fọwọ́ pa, títí ó fi ń dán gbinrin, wọ́n ní oríire ló wà fún. Èmi náà tò sórí ìlà, mo fọwọ́ pa á, mo tún ní kí Bàbá Ìbejì yà mí. Fọ́tò náà wà lórí fóònù mi báyìí, mò ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀ bí ọ̀dẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn a jẹun ní òdìkejì odò, a gun òkè lọ sí ààfin wọn, a wo ṣọ́ọ̀ṣì St. Vitus tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1344 tí wọn ò parí ẹ̀ títí di 1929. Ó rẹwà, mi ò purọ́. Àmọ́ mi ò lè rántí ẹwà ẹ̀ mọ́ láìrántí pé owó mi ń jóná nísàlẹ̀ òkè.

Aago mẹ́rin ti kọjá ká tó dé òtẹ́ẹ̀lì. Mo béèrè ibi tí mo ti lè ra omi lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà nídìí tábìlì, owó ọwọ́ mi ló mú kó bi mí pé ibo ni mo ti ṣẹ́ ẹ. Mo fi rìsíìtì hàn án. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní aago mélòó ni? Mo ní kó tó di aago méjìlá. Ó wo aago ara ògiri, kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Òun ló wá sọ ọ̀rọ̀ òfin náà fún mi, ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń túfọ̀.

Mo padà síbẹ̀ ṣá. Bàbá Ìbejì ní kí n fi sílẹ̀, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹlòmíì. Ó wo rìsíìtì mi, ó fi ìka tọ́ka sí àkókò tó wà lórí ẹ̀, ó tún tọ́ka sí aago ọwọ́ ẹ̀, ó wá gbé èjìká. Mo pariwo. Mo pariwo lédè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó yá mo bọ́ sí Yorùbá, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ò gba ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwọn arìnrìn-àjò ń wò mí. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ṣé èmi ló yẹ kí ojú tì ni? Ẹni tó jalè jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ẹni tí wọ́n jà lólè ló ń sunkún láàárín ọjà!

Bí a ṣe ń jáde, ọkùnrin míì sún mọ́ wa, ó ní òun rí ohun tó ṣẹlẹ̀, pé olè ni wọ́n, pé òun á ṣẹ́ owó fún wa ní iye tó dáa. Ó yọ ìdì owó jáde. Bàbá Ìbejì fà mí lápá, a sì lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin òtẹ́ẹ̀lì ní a dúpẹ́, pé àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú títì máa ń fún àjèjì ní owó Belarus àtijọ́, èyí tí orílẹ̀-èdè yẹn ti pààrọ̀ láti 2016, tí kò ra nǹkan kan mọ́. Òfin wákàtí mẹ́ta yẹn ò sì kàn wọ́n, nítorí kò sí rìsíìtì, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ máa padà sí.

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ máa ṣe, mi ò ní í fa ọ̀rọ̀ gùn níbí. Ẹ lo káàdì. Títí kan inú tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn láàárín ìlú, ẹ̀rọ wà níbẹ̀ tí ẹ lè fi káàdì kàn kí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ yọ owó, ẹ yọ ọ́ níbi ẹ̀rọ tó wà lára báńkì gidi, bó bá sì bi yín pé owó wo ni kó fi ṣírò ẹ̀, ẹ yan CZK, ìyẹn koruna, ẹ má yan GBP, ìyẹn pọ́n-ùn, láéláé. Bó bá di dandan kí ẹ ṣẹ́ owó, ẹ bi wọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín pé "koruna mélòó ni ẹ máa kà fún mi?" Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ wo aago. Owó Czech, lẹ́tà tiwa yìí náà ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ ó rí "Česká národní banka" lórí ẹ̀. Bí lẹ́tà ibẹ̀ bá dà bíi ti Rọ́ṣíà, ẹ sá.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń yan lórí iná ní ojúde yẹn náà ńkọ́! Iye owó gíráàmù 100 ni wọ́n kọ sójú pátákó. Ọkùnrin náà ò béèrè iye tí a fẹ́, ó gé e gàdà, ó wọ̀n ọ́n, iye tó pè ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà o. Ẹ sọ "gíráàmù 100" fún wọn kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ, tàbí kí ẹ gba ibòmíì lọ.

Kí n sòótọ́, mi ò gba ọlọ́jà kankan gbọ́ mọ́. Ní Peckham, ìyá tí mo ti ń ra iṣu lọ́wọ́ ẹ̀ tipẹ́ fún mi ní ṣẹ́ńjì, mo kà á, mo tún un kà, mo gbé iṣu náà wò yíká. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Ṣùgbọ́n ó wà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ṣé mi ò mọ̀wé kà ni. Mo mọ̀ ọ́n kà. Iṣẹ́ ṣíṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni mò ń ṣe, ìṣirò ni mo fi ń jẹun, ẹ ò rí i pé ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè sùn? Ẹni tó bá dúró síbi tí mo dúró sí, tí agogo ń lù lórí ẹ̀, tí èrò ń tì í lẹ́yìn, kó wá sọ fún mi pé òun á ka lẹ́tà kóńkó yẹn tán. Mo ti kọ̀wé sí báńkì àpapọ̀ wọn, tó ń mójú tó àwọn tó ń ṣẹ́ owó, mo fi fọ́tò pátákó wọn àti rìsíìtì sí i. Bàbá Ìbejì ní owó ti lọ, kí n jẹ́ kó lọ. Mi ò jẹ́ kó lọ o. Bí wọ́n bá dá mi lóhùn, ẹ ó gbọ́. Bí wọn ò bá dá mi lóhùn, ẹ ó gbọ́ ìyẹn náà.